Iná tí Jintsu tàn lóru: ìdáhùn mi fún àbúrò kan

Àbúrò mi kan tó fẹ́ràn ìtàn ogun kọ̀wé sí mi, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kà á níbì kan pé ọkọ̀ ogun Jàpáànì kan wà tó ń jẹ́ Jintsu, cruiser kékeré ni, ìyẹn ọkọ̀ ogun alábọ́ọ́dé tó máa ń sáré, òun ló fọwọ́ ara ẹ̀ tan iná ńlá sójú àwọn Amẹ́ríkà lóru ọjọ́ kan lọ́dún 1943, bí wọ́n ṣe rí iná yẹn báyìí ni gbogbo wọn da ìbọn bò ó tó fi rì. Ṣé ọ̀gá tó wà nínú ọkọ̀ yẹn ò mọ̀ pé ẹni tó bá tan iná nínú òkùnkùn ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí ni? Àbí ìgbéraga ló pa wọ́n? Ṣé ẹnì kankan tiẹ̀ yè nínú wọn?"

O ṣé gan-an, àbúrò. Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí torí ọ̀pọ̀ èèyàn tó máa ń sọ̀rọ̀ Jintsu, tí wọ́n bá ti dé orí iná yẹn wọ́n á kàn pòṣé ni, wọ́n á ní òmùgọ̀ ni wọ́n, ọ̀rọ̀ parí. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀gágun Izaki Shunji tó wà nínú ọkọ̀ yẹn mọ ohun tí iná máa ń fà, kò sí ọmọ ogun ojú omi kankan tí kò mọ̀ ọ́n. Ó tan iná torí pé iṣẹ́ tí wọ́n kan ọkọ̀ yẹn fún gan-an nìyẹn, iṣẹ́ tí wọ́n sì ti ń kọ́ fún nǹkan bí ogún ọdún. Ohun tó pa wọ́n ni pé lóru ọjọ́ tí wọ́n wá ṣe é, ọ̀nà tí ọ̀tá ń gbà ríran ti yí padà, tiwọn ò sì tíì yí. Jẹ́ kí n mú ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí tá a bá bẹ̀rẹ̀ láti 1943 kò ní yé ẹ.

Jintsu, orúkọ odò ni, odò kan tó ṣàn gba agbègbè Gifu àti Toyama kọjá ní Jàpáànì, orúkọ odò ni wọ́n sábà máa ń sọ àwọn cruiser kékeré wọn. Ilé iṣẹ́ Kawasaki ní Kobe ló kàn án, wọ́n gbé e sómi ní December 1923, wọ́n parí ẹ̀ ní July 1925, àwọn méjì tí wọ́n jọ jẹ́ irú kan náà ni Sendai àti Naka. Ó gùn tó mítà 162, ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 5,000 àti díẹ̀, ihò èéfín mẹ́rin ló tò sórí ẹ̀, ó sì lè sáré tó kìlómítà 65 ní wákàtí kan, lórí omi o. Àgbá méje ló ní, ẹnu ìkọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 14, ọwọ́ èèyàn ni wọ́n fi ń ki ọta sí i, ọta kan sì jẹ́ kílò 38, kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí àpò sìmẹ́ńtì kan tí o bá gbé e. Ihò tọ́pídò mẹ́jọ náà wà lára ẹ̀, tọ́pídò ni ohun abúgbàù gígùn tó ń sáré gba inú omi lọ bá ọkọ̀. Ṣùgbọ́n irin ara ẹ̀ ò nípọn, kò sì sí ẹni tó kàn án pé kó lọ dúró kojú ọkọ̀ ńlá lóun nìkan. Ọkọ̀ olórí ni, àwọn destroyer, ìyẹn ọkọ̀ ogun tó yára tó sì kéré ju cruiser lọ, á tò tẹ̀ lé e lẹ́yìn, òun á ṣíwájú, á wá ọ̀tá rí, á sọ fún wọn ibi tí wọ́n máa yà sí, àwọn ọmọ ẹ̀yìn á wá ju tọ́pídò.

Kí ló dé tí wọ́n fi nílò irú ẹ̀? Lọ́dún 1922, ní Washington, àwọn orílẹ̀-èdè ńlá fẹnu kò sí iye ọkọ̀ ogun ńlá ńlá tí kálukú lè ní. Wọ́n gba Amẹ́ríkà láyè tọ́ọ̀nù 525,000, Bìrìtìkó náà bẹ́ẹ̀, Jàpáànì 315,000. Ká ṣáà sọ pé tí Amẹ́ríkà bá ní mẹ́wàá, Jàpáànì ní mẹ́fà. Àwọn ọ̀gágun Jàpáànì jókòó, wọ́n rò ó títí, wọ́n ní tá a bá bá àwọn èèyàn yìí pàdé lójúmọmọ, ẹni mẹ́fà ò lè lu ẹni mẹ́wàá, nítorí náà ká kọ́kọ́ dín wọn kù, kí ilẹ̀ tó mọ́ ká ti fi tọ́pídò mú díẹ̀ nínú wọn lọ. Bí òru ṣe di nǹkan tí wọ́n fi gbogbo ara kọ́ nìyẹn. Wọ́n ń ṣe eré ogun lóru láìtan iná kankan, nínú òjò, nínú ìjì, ọkọ̀ ń sáré kọjá lára ọkọ̀ pẹ̀lú àlàfo díẹ̀ báyìí.

Ibẹ̀ sì ni Jintsu ti kọ́kọ́ ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ilé ẹ̀ ni. August 24, 1927, nítòsí Mihonoseki ní agbègbè Shimane, wọ́n ń ṣe eré ogun lóru, gbogbo iná pa. Jintsu àti Naka ń ṣíwájú ẹgbẹ́ wọn, bí àwọn ọkọ̀ tó ń ṣe bí ọ̀tá ṣe tan iná ńlá lé wọn lójú báyìí, wọ́n yí orí padà kíá kí wọ́n lè sá kúrò nínú iná yẹn, àfi gbàà, Jintsu kọlu destroyer Warabi láàárín, ó gé e sí méjì, kò pẹ́ tí Warabi fi rì. Naka náà lọ kọlu destroyer Ashi. Èèyàn 119 ló kú lóru ọjọ́ kan, láìsí ọ̀tá kankan nítòsí. Imú Jintsu fọ́ débi pé nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní Maizuru, imú tuntun tó rí yàtọ̀ ni wọ́n fún un. Ọ̀gá ọkọ̀ náà, Mizushiro Keiji, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ ológun, nígbà tó ku ọjọ́ kan kí wọ́n dájọ́, ní December 26 ọdún yẹn, ó gba ẹ̀mí ara ẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá dé ibí yìí nínú ìtàn ọkọ̀ yìí mo máa ń dúró díẹ̀. Ohun tó sì yẹ kó o mú níbẹ̀, àbúrò, ni pé wọn ò torí ìyẹn dá eré òru dúró. Wọ́n tẹ̀ síwájú, ó tiẹ̀ le sí i. Ohun tí wọ́n ti fi ẹ̀mí 119 rà, ṣé wọ́n á kàn jù ú sílẹ̀?

Lẹ́yìn náà ni tọ́pídò tuntun wá dé, Type 93 ni wọ́n ń pè é, torí ọdún 2593 nínú kàlẹ́ńdà tiwọn ni, ìyẹn 1933 tiwa. Ọ́síjìn gan-an ni wọ́n fi ń lé ẹ̀rọ ẹ̀, kì í ṣe afẹ́fẹ́ lásán bíi ti àwọn tó kù, ìdí nìyẹn tí kì í fi fa ìfófòó funfun kan tó hàn lórí omi, ẹni tó ń bọ̀ wá bá lè má rí i rárá. Ẹnu ẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 61, ohun abúgbàù tó wà lórí ẹ̀ jẹ́ kílò 490, tó bá ń sáré tó yá jù ó lè lọ tó kìlómítà 20, tí wọ́n bá sì dín ìyára ẹ̀ kù ó lè lọ tó 40. Ti àwọn destroyer Amẹ́ríkà nígbà yẹn, tó bá ń sáré tó yá jù, kìlómítà márùn-ún àti ààbọ̀ ló ń lọ. Ìwọ wo ìyàtọ̀ yẹn. Àwọn Amẹ́ríkà ò mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà, fún ìgbà pípẹ́ nínú ogun yẹn tí ọkọ̀ wọn bá bú gbàù níbi tó jìnnà wọ́n á máa rò pé ọkọ̀ abẹ́ omi ló sá pamọ́ sítòsí, tàbí bọ́ǹbù inú omi.

Ọ̀rọ̀ iná ló kù báyìí. Kí tọ́pídò tó lè bá ọkọ̀ tó ń sáré, o ní láti mọ̀ bó ṣe jìnnà tó, ibi tó ń lọ, àti bó ṣe ń sáré sí, torí kì í ṣe ibi tó wà lo máa jù ú sí, ibi tó máa dé ni. Lóru, tí o ò bá ní rédà, ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì wá ọkọ̀ rí nínú òkùnkùn, ojú lásán lo máa fi mọ gbogbo ìyẹn, pẹ̀lú awò ńlá tí wọ́n gbé kalẹ̀ lórí ọkọ̀. Àwọn Jàpáànì dára gan-an nídìí awò yẹn, wọ́n ní àwọn ọmọ ogun tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa wo òkùnkùn lọ. Ṣùgbọ́n ojú ní ibi tó mọ. Nítorí náà ọ̀kan nínú ọkọ̀ á tan iná ńlá tí wọ́n ń pè ní searchlight lé ọ̀tá, àwọn tó kù á fi ìmọ́lẹ̀ yẹn ríran láti inú òkùnkùn tiwọn. O mọ ọdẹ tó ń dẹ òru, tó de iná mọ́ iwájú orí, ẹran á dúró á máa wo iná, ojú ẹ̀ á máa tàn, ọdẹ á rí i kedere. Ohun kan náà ni. Àfi pé ẹran tí àwọn yìí ń dẹ ní ìbọn lọ́wọ́. Ẹni tó tan iná ló máa jẹ ọta àkọ́kọ́, wọ́n mọ̀, ọkọ̀ olórí ló sì sábà máa ń ru ẹrù yẹn kí àwọn destroyer lè ráyè ṣe iṣẹ́.

Má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún ẹ pé iná yẹn ò ṣiṣẹ́ rí. Lóru August 9, 1942, nítòsí erékùṣù Savo ní Solomon Islands, ọkọ̀ Jàpáànì kan tó ń jẹ́ Chokai tan iná lé àwọn cruiser Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà, ìṣẹ́jú díẹ̀ báyìí, cruiser ńlá mẹ́rin ló bá a lọ: Canberra, Vincennes, Quincy, Astoria. Ṣùgbọ́n ní November ọdún kan náà, nítòsí Guadalcanal, erékùṣù kan ní Solomon Islands níbẹ̀ náà, ọkọ̀ ogun ńlá Jàpáànì tó ń jẹ́ Hiei tan tiẹ̀, destroyer Akatsuki náà tan tiẹ̀. Akatsuki rì lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n lu Hiei débi pé nígbà tí ilẹ̀ mọ́ kò lè sá mọ́, àwọn bàálù wá parí ẹ̀. Ìgbà tí ẹni tó o tan iná lé bá ń sùn ni iná máa ń gbè ẹ́, ìyẹn ló ṣẹlẹ̀ ní Savo. Tó bá ti jí tó sì ti na ìbọn, ọ̀rọ̀ yàtọ̀.

Kí n padà sọ́dọ̀ Jintsu fúnra ẹ̀. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní December 1941, òun ni ọkọ̀ olórí ẹgbẹ́ destroyer kejì, ọ̀gágun Tanaka Raizo ló wà nínú ẹ̀. Ó sin àwọn ọkọ̀ tó kó ọmọ ogun lọ sí Davao ní Philippines, ó sìn wọ́n lọ sí Menado, Ambon, Timor, nǹkan bí oṣù méjì ni gbogbo ẹ̀. Mi ò ní yin èyí fún ẹ rárá, torí ní Ambon, ní pápákọ̀ òfurufú Laha, àwọn ọmọ ogun tó sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ pa àwọn ará Ọsirélíà àti Hóláńdì tó ti juwọ́ sílẹ̀, ó lé ní 300, ẹni tó bá sì ń sọ ìtàn ọkọ̀ yìí kò gbọ́dọ̀ gbàgbé ohun tí àwọn ọkọ̀ tó ń sìn kó lọ sílẹ̀ àwọn ẹlòmíì. February 27, 1942, ó wà nínú ogun ńlá ti Òkun Java, níbi tí ọ̀gágun Hóláńdì Karel Doorman ti kú pẹ̀lú ọkọ̀ ẹ̀ De Ruyter, tọ́pídò tí àwọn cruiser ńlá ẹgbẹ́ ẹ̀ jù lóru ọjọ́ yẹn ló pa De Ruyter àti Java, lẹ́yìn náà inú àwọn ọ̀gá wọn balẹ̀ pé ohun tí àwọn ti ń kọ́ láti ọdún pípẹ́ wá ti so èso. Ní June ó sin àwọn ọkọ̀ tó kó ọmọ ogun lọ sí Midway, wọn ò dé ibẹ̀, wọ́n yí padà.

Guadalcanal ló kọ́kọ́ fi ìyà jẹ ẹ́, ojúmọmọ sì ni. August 25, 1942, Tanaka ń kó nǹkan bí 1,500 ọmọ ogun lọ síbẹ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tó ń rìn jẹ́jẹ́, bàálù Amẹ́ríkà gbéra láti Henderson Field, pápákọ̀ òfurufú wọn ní Guadalcanal, ọ̀kan nínú wọn sọ bọ́ǹbù sáàárín àwọn àgbá iwájú Jintsu. Èèyàn 24 kú. Tanaka fúnra ẹ̀ dákú, nígbà tó jí ó rí i pé iná ń jó iwájú ọkọ̀, wọ́n ti ní láti bu omi kún ibi tí wọ́n kó ọta sí kó má baà bú. Ó bọ́ sínú destroyer Kagero, ó ní kí Jintsu máa lọ sí Truk, ibùdó ọkọ̀ ogun Jàpáànì. Ọkọ̀ ńlá Kinryu Maru rì lọ́jọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni destroyer Mutsuki. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti mọ̀ pé ọkọ̀ tó ń rìn jẹ́jẹ́ ò lè dé Guadalcanal lójúmọmọ mọ́, àwọn destroyer ló ń sáré kó ọmọ ogun àti oúnjẹ lọ lóru, kí ilẹ̀ tó mọ́ wọ́n ti sá kúrò níbi tí bàálù lè dé.

Tanaka náà, ká má fi í sílẹ̀ báyìí. November 30 ọdún yẹn, láìsí Jintsu, ó fi destroyer nìkan ju tọ́pídò lu cruiser Amẹ́ríkà mẹ́rin ní Tassafaronga, nítòsí Guadalcanal, ọ̀kan rì, mẹ́ta fẹ́ẹ̀ rì. Ọ̀gágun ojú omi tó mọ iṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ òtítọ́ fún àwọn ọ̀gá ẹ̀, ó ní Guadalcanal ò ṣeé dì mú mọ́, kò pẹ́ tí wọ́n fi yọ ọ́ kúrò lójú omi, nígbà tó yá wọ́n rán an lọ sórí ilẹ̀ ní Burma. Burma yẹn náà ni Bọ́mà tí àwọn bàbá wa àgbà ń sọ, ibi tí Bìrìtìkó kó àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lọ jà, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá wà nínú wọn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i pé ibì kan náà ni wọ́n jùwọ́n sí, ó yà mí lẹ́nu.

Ó wá ku òru tó o bèèrè. Jintsu ti gba ìtọ́jú, ó ti padà sójú ogun lọ́dún 1943, Izaki ló ti gba ipò Tanaka, Sato Torajiro ni ọ̀gá ọkọ̀. Guadalcanal ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Amẹ́ríkà ti wá gúnlẹ̀ sí New Georgia, erékùṣù míì ní Solomon Islands, wọ́n ń wá pápákọ̀ òfurufú Munda tó wà níbẹ̀, Jàpáànì sì ń gba Vila lórí Kolombangara kó ọmọ ogun wọlé sí i. Kolombangara, erékùṣù róbótó kan ni, òkè onína àtijọ́ ló dúró láàárín ẹ̀. Ní July 6, ní Kula Gulf tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, àwọn destroyer Jàpáànì àti ẹgbẹ́ ọ̀gágun Amẹ́ríkà Walden Ainsworth ti pàdé lóru, cruiser Helena ti Amẹ́ríkà rì, destroyer Niizuki ti Jàpáànì rì, ọ̀gágun Akiyama bá a lọ. Fi Niizuki yẹn sọ́kàn, màá padà sórí ẹ̀.

Lóru July 12 mọ́jú 13, Izaki ń bọ̀ láti Rabaul, ibùdó ńlá Jàpáànì, pẹ̀lú Jintsu, destroyer márùn-ún, àti destroyer mẹ́rin míì tó kó ọmọ ogun 1,200. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an kò ju kó kó àwọn 1,200 yẹn dé Kolombangara. Ainsworth ń bọ̀ wá pàdé ẹ̀ pẹ̀lú cruiser mẹ́ta, Honolulu àti St. Louis ti Amẹ́ríkà, Leander ti New Zealand tó wá gba ipò Helena, àti destroyer mẹ́wàá. Honolulu àti St. Louis, àgbá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà lára ìkọ̀ọ̀kan, bí ẹ̀rọ ni wọ́n ń yìn ín. Bàálù Amẹ́ríkà kan tó ń wò káàkiri lóru ti rí Izaki. Àwọn Jàpáànì náà sì mọ̀ pé ọ̀tá ń bọ̀, torí wọ́n ní ẹ̀rọ kan tó ń gbọ́ ìgbì rédà ẹlòmíì, ó ń sọ fún wọn pé ẹnì kan ti ń wò yín o. Ó fi bẹ́ẹ̀ jọ pé ọkàn wọn balẹ̀: wọ́n mọ̀ kí ọ̀tá tó mọ̀ pé wọ́n mọ̀, wọ́n ti ti tọ́pídò sínú ihò, wọ́n ń retí.

Aago kan òru kọjá díẹ̀, wọ́n ju tọ́pídò, Jintsu sì tan iná.

Ohun tí mo fẹ́ kó yé ẹ nìyí, àbúrò. Tọ́pídò wọn ti wà lójú ọ̀nà nígbà tí àgbá Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Cruiser mẹ́ta yẹn yìnbọn tó lé ní 2,600 ọta, ẹyọ ọkọ̀ kan ni ọ̀pọ̀ jù lọ ń lọ bá. Ó bà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ó kéré tán láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń darí ẹ̀ bàjẹ́, omi wọ àwọn yàrá bọ́ílà, Izaki kú, Sato kú, ọkọ̀ dúró sójú kan ó ń jó. Tọ́pídò destroyer Amẹ́ríkà náà wá ba ìdí ẹ̀, ó kán sí méjì, ó sì lọ sísàlẹ̀. Ọkọ̀ tó gé Warabi sí méjì ní 1927 torí pé wọ́n tan iná lé e, òun náà kán sí méjì ní 1943 torí iná tó tàn fúnra ẹ̀. Mi ò sọ pé ẹ̀san ni o, mi ò gbà pé ẹ̀san ni. Eré òru kan náà ni wọ́n ṣì ń ṣe ni, láti ìgbà yẹn dé ìgbà yìí.

Ṣé iná yẹn ló pa á? Apá kan ni. Ẹ̀rọ rédà máa ń ju ìgbì jáde, ìgbì á lọ bá irin ọkọ̀, á padà wá, á hàn bí àmì kan lójú dígí, ọkọ̀ tó tóbi jù ni àmì ẹ̀ máa ń tóbi jù. Láàárín àwọn destroyer, Jintsu ló tóbi jù, àwọn Amẹ́ríkà ti ń wo àmì ẹ̀ bọ̀ kí iná tó tàn. Rántí Niizuki ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú: rédà ni wọ́n fi rí i nínú òkùnkùn, ọ̀gágun ẹ̀ kú bẹ́ẹ̀ náà. Nítorí náà èmi gbà pé tí Izaki ò bá tan iná rárá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣì lu Jintsu, bóyá pẹ̀lú ọta díẹ̀ tó ń ṣìnà. Iná yẹn kàn jẹ́ kí ẹni tí kò tíì rí i náà rí i. Àṣìṣe gidi tó wà níbẹ̀ ju ti Izaki lọ. Wọ́n rò pé òkùnkùn ṣì jẹ́ aṣọ tó bo gbogbo èèyàn dọ́gba, ẹni tó bá bọ́ aṣọ ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ló ń fi ara ẹ̀ sínú ewu. Fún Amẹ́ríkà, aṣọ yẹn ti ya tipẹ́.

Ṣùgbọ́n wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lápá kejì, torí àwọn tó ń bú Izaki kì í débẹ̀. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn tí ìbọn bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tọ́pídò yẹn ba Leander, omi wọlé, ó ní láti padà, kò jagun mọ́ títí ogun fi parí. Àwọn destroyer Jàpáànì, Yukikaze, Hamakaze, Kiyonami, Yugure, kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni yìnbọn sí dáadáa torí gbogbo ojú wà lára Jintsu, wọ́n sá wọ inú òjò, wọ́n ki tọ́pídò tuntun sínú ihò láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 18, èyí tí kò sí destroyer Amẹ́ríkà kankan tó lè ṣe é nígbà yẹn, wọ́n yí padà wá. Ainsworth ti ń sáré wá wọn. Àmì wọn hàn lójú rédà ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣiyèméjì bóyá àwọn destroyer tiẹ̀ tó rán síwájú ni, kò sì fẹ́ pa ará ilé ẹ̀. Rédà sọ fún un pé ọkọ̀ wà níbẹ̀, kò lè sọ fún un ọmọ ta ni. Kó tó pinnu, tọ́pídò 31 ti wà nínú omi. St. Louis, imú ẹ̀ fọ́. Honolulu, imú ẹ̀ fọ́. Gwin, destroyer, ó bà á láàárín gangan, èèyàn 61 kú, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ àwọn Amẹ́ríkà fúnra wọn ló rì í nígbà tí wọn ò lè fà á délé. Nígbà tí gbogbo èyí ń lọ, destroyer mẹ́rin tó kó ọmọ ogun ti lọ gúnlẹ̀ jẹ́jẹ́ ní Kolombangara, gbogbo àwọn 1,200 yẹn sọ̀kalẹ̀.

Tó o bá ka ọkọ̀ kan sí ọkọ̀ kan, cruiser kan àti ọ̀gágun kan lọ fún destroyer kan, àti cruiser mẹ́ta tí wọ́n fọ́ débi pé wọ́n ní láti kúrò lójú ogun, iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn sì ti di ṣíṣe. Àwọn ọ̀gá ní Rabaul lè sọ pé àwọn borí lóru ọjọ́ yẹn, mi ò sì ní pè wọ́n ní òpùrọ́. Àmọ́ Amẹ́ríkà tún Honolulu àti St. Louis ṣe, wọ́n padà wá, òmíràn sì ń jáde lójoojúmọ́ láti ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀. Jàpáànì ò ní Jintsu míì. Èyí tó burú jù ni pé àwọn tó mọ eré òru yẹn dunjú, àwọn tí wọ́n ti ń kọ́ ọ láti ìgbà Mihonoseki, inú omi ni wọ́n ń parí sí, kò sì sí ilé ìwé tó lè tún wọn ṣe láàárín oṣù mẹ́fà.

Ní August 6, kò tíì pé oṣù kan, ní Vella Gulf tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì Kolombangara, destroyer Amẹ́ríkà mẹ́fà fi rédà rí destroyer Jàpáànì mẹ́rin tó tún ń kó ọmọ ogun bọ̀. Wọn ò tan iná, wọn ò yìnbọn, wọ́n kọ́kọ́ ju tọ́pídò ná. Mẹ́ta rì, Shigure nìkan ló sá mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn Amẹ́ríkà ti kọ́ eré òru náà, láìsí iná. Sendai rì ní November 1943 ní Empress Augusta Bay, lóru, rédà náà ni, Naka rì ní Truk ní February 1944, bàálù ló pa á. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe tán nìyẹn.

Nípa ẹni tó yè, èèyàn 482 ló bá Jintsu lọ. Ọkọ̀ abẹ́ omi Jàpáànì kan, I-180, wá sí ibẹ̀ lẹ́yìn náà, ó rí 21 lórí omi, ó kó wọn, àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà náà sì fa díẹ̀ míì jáde. I-180 fúnra ẹ̀ kò rí òpin ogun, April 1944 ni ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan rì í nítòsí Alaska, tòun ti gbogbo àwọn tó wà nínú ẹ̀.